Ọmọ Ogun Tó Ń Tún Ọpọlọ Ṣe: Ọ̀rọ̀ Ọ́tísíìmù, Ibà àti Ara Wíwú

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Àwọn tó wà nínú gbọ̀ngàn lọ́jọ́ Sátidé tí mo bá àwọn òbí sọ̀rọ̀ nípa ọ́tísíìmù ti gbọ́ púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí, àmọ́ àwọn tí ò ráyè wá ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, torí ẹ̀ ni mo ṣe ń kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́, mo kàn fi díẹ̀ kún un níbi tí àkókò ò jẹ́ kí n ṣàlàyé dáadáa. Olùkọ́ ni mí, bí ara èèyàn ṣe ń ṣiṣẹ́ ni mo ń kọ́ àwọn tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì, èmi kì í ṣe dókítà ọmọdé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má torí ohun tẹ́ ẹ bá kà níbí pa oògùn ọmọ yín tì.

Ìbéèrè màmá kan ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ọmọ ẹ̀ ọkùnrin ti pé ọdún méje, wọ́n ní ọ́tísíìmù ló ní, ìyẹn ni pé bí ọpọlọ ẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ yàtọ̀ sí ti ọmọ yòókù, kì í wojú èèyàn, wọ́n lè pe orúkọ ẹ̀ títí kó má wẹ̀yìn, kì í sì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan òun. Màmá yìí ní ìgbàkígbà tí ibà bá ti mú un, tí ara ẹ̀ gbóná janjan, ọmọ yẹn á fẹsẹ̀ ara ẹ̀ wá, á gbórí lé òun lẹ́sẹ̀, á di etí ìró òun mú, ó tiẹ̀ pe òun ní "Màmí" nígbà kan, ẹ̀ẹ̀mejì. Tí ibà bá ti lọ báyìí, ó parí nìyẹn. Ohùn ẹ̀ wálẹ̀ nígbà tó wá ní, "Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni, tó bá ń wù mí kí ibà yẹn tún padà wá?"

Gbogbo wa dákẹ́. Lẹ́yìn náà bàbá kan nawọ́ lọ́wọ́ ẹ̀yìn, ó ní ti ọmọ tòun náà rí bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ojú yín ò sì tàn yín jẹ. Lọ́dún 2007 àwọn olùwádìí kan ní Baltimore ní Amẹ́ríkà mú ọmọ 30 tó ní ọ́tísíìmù, wọ́n ní káwọn òbí wọn máa kọ ìwà tí wọ́n rí sílẹ̀ nígbà tí ibà bá wà lára ọmọ àti lẹ́yìn tó bá lọ. Ó lé ní 80 nínú ọgọ́rùn-ún nínú wọn tí nǹkan kan yí padà sí rere nígbà ibà: ìbínú dínkù, nǹkan tí wọ́n máa ń ṣe lásètúnṣe dínkù, àwọn kan sọ̀rọ̀ jù bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ lọ. Ṣé ẹ wá rí i, ibà yìí, iṣẹ́ àwọn ọmọ ogun ara ni. Kí ló wá kan ọmọ ogun ara nínú pé kí ọmọ mọ ìyá ẹ̀ lójú?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí nǹkan tá a ti fojú rí. Tí ẹ̀gún bá gún yín lẹ́sẹ̀, kílẹ̀ tó ṣú ibẹ̀ á ti wú, á pọ́n, á gbóná, á máa ta yín. Ẹ̀gún yẹn kọ́ ló ṣe gbogbo ẹ̀ o, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbèjà ara yín ló ya débẹ̀, tí wọ́n ń ṣí ọ̀nà fún ẹ̀jẹ̀, tí wọ́n ń pa kòkòrò, tí wọ́n ń kó òkú sẹ́ẹ̀lì kúrò. Òun làwọn dókítà ń pè ní inflammation, èmi á máa pè é ní ara wíwú. Àwọn ọmọ ogun yìí ń ránṣẹ́ síra wọn, ohun tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ ló ń jẹ́ cytokine, prótíìnì kéékèèké tó ń bá ẹ̀jẹ̀ rìn, àwọn kan lára ẹ̀ ló ń sọ fún ọpọlọ pé kó jẹ́ kí ara gbóná. Tó bá parí iṣẹ́ ẹ̀, ó yẹ kó rọlẹ̀. Ìgbà tí ò bá rọlẹ̀ ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀.

Ọpọlọ wá ní ọmọ ogun tiẹ̀ lọ́tọ̀. Microglia lorúkọ wọn, ará Sípéènì kan tó ń jẹ́ Pío del Río Hortega ló ṣàpèjúwe wọn lọ́dún 1919. Bíi mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún sẹ́ẹ̀lì inú ọpọlọ ni wọ́n. Ohun tó máa ń yà mí lẹ́nu nípa wọn ni ibi tí wọ́n ti wá: àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ yín, inú mùdùnmúdùn eegun ni wọ́n ti ń jáde lójoojúmọ́, àmọ́ àwọn microglia yìí, inú àpò kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọlẹ̀ ni wọ́n ti wá nígbà tí oyún ṣì wà ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan péré, wọ́n wọ inú ọpọlọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù, wọn ò sì jáde mọ́. Tẹ́ ẹ bá fi maikirosíkóòpù wò wọ́n nígbà tí nǹkan tutù, ṣe ni wọ́n dà bí aláǹtakùn tó na ẹsẹ̀ tín-ín-rín káàkiri, wọ́n á máa fọwọ́ tọ́ sẹ́ẹ̀lì tó wà láyìíká wọn wò bí ẹni tó ń yẹ ilé wò. Tí nǹkan bá bàjẹ́, wọ́n á ká ẹsẹ̀ yẹn wọlé, ara wọn á ki, wọ́n á ṣù rìbìtì. Ẹni tó bá ti rí méjèèjì rí ò ní ṣì wọ́n mú.

Àmọ́ kì í ṣe ogun nìkan ni wọ́n ń jà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti gbin ṣọkọ̀ rí, ẹ mọ̀ pé tí irúgbìn yẹn bá hù, ó máa ń hù gìjà, ẹ ní láti fa òmíràn tu kí èyí tó kù lè ráyè rí oòrùn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọpọlọ ọmọdé. Ojú ìsopọ̀ táwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ fi ń bára wọn sọ̀rọ̀ máa ń pọ̀ jù tẹ́lẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n á fa èyí tí wọn ò nílò tu. Microglia wà lára àwọn tó ń fà á tu. Iṣẹ́ Beth Stevens àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní Boston lọ́dún 2012 fi hàn nínú ọpọlọ eku pé ṣe ni wọ́n ń gbé ojú ìsopọ̀ yẹn mì. Wọ́n sì ti rí i nínú eku pé tí microglia ò bá fa iye tó yẹ tu, eku yẹn kì í fẹ́ sún mọ́ eku ẹgbẹ́ ẹ̀, á sì máa nu ara ẹ̀ ṣáá láì sinmi. Ní ti èèyàn, àwọn ará Yunifásítì Columbia ní New York ka ojú ìsopọ̀ nínú ọpọlọ àwọn ọmọ tó ti kú, wọ́n gbé e jáde lọ́dún 2014. Láti ìgbà èwe títí dìgbà tí wọ́n fi ń di géńdé, ti àwọn ọmọ tí ò ní ọ́tísíìmù ti dín kù tó ìlàjì, ti àwọn tó ní in, 16 péré nínú ọgọ́rùn-ún ló fi dín. Mo gbọ́dọ̀ fi kún un pé kì í ṣe microglia ni wọ́n dá lẹ́bi jù níbẹ̀, wọ́n ní inú sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ fúnra ẹ̀ ni ètò ìkólẹ̀kúrò ti bàjẹ́.

Èyí tó gbé ọ̀rọ̀ ara wíwú jáde gan-an ni iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní Yunifásítì Johns Hopkins ní Baltimore lọ́dún 2005. Diana Vargas, Carlos Pardo àtàwọn tó kù yẹ ọpọlọ èèyàn 11 tó ní ọ́tísíìmù wò lẹ́yìn tí wọ́n kú, ọmọ ọdún márùn-ún wà níbẹ̀, ẹni ọdún 44 náà wà níbẹ̀. Wọ́n rí i pé àwọn microglia ti ki, pàápàá nínú ọpọlọ kékeré tó wà lẹ́yìn orí, cytokine sì pọ̀. Ohun tó mú mi ronú níbẹ̀ ni ọjọ́ orí yẹn, torí ẹni ọdún 44 kì í ṣe ọmọdé mọ́, ìyẹn ni pé nǹkan yìí lè má tán lọ́jọ́ kan.

Ẹ má wá torí ẹ̀ sọ pé a ti mọ̀ ọ́n tán. Ní Jàpáàn, wọ́n gbé èèyàn 20 tó ní ọ́tísíìmù sínú síkáànù, wọ́n gbé e jáde lọ́dún 2013 pé àmì tó ń fi microglia tó ń ṣiṣẹ́ hàn pọ̀ lórí wọn, síbẹ̀ nígbà táwọn ará Boston fi síkáànù tó jọ ọ́ wo àwọn ọkùnrin míì lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ti wọn ò pọ̀, ó tiẹ̀ kéré ni. Ohun tí mo gbà gbọ́ ni pé ọ́tísíìmù kì í ṣe ẹyọ kan, ó ṣeé ṣe kí ara wíwú wà lára àwọn kan kó má sí lára àwọn míì. Bẹ́ẹ̀ la ò tíì lè sọ bóyá ara wíwú ló ba nǹkan jẹ́ tàbí nǹkan ló kọ́kọ́ bàjẹ́ táwọn ọmọ ogun wá lọ tún un ṣe. Ẹ rí panápaná níwájú ilé tó ń jó, ẹ ò lè torí pé wọ́n wà níbẹ̀ ní àwọn ló tiná bọ̀ ọ́.

Ọ̀rọ̀ oyún ni ibi tí ojú àwọn ìyá máa ń ti yí padà, mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà á. Lọ́dún 1964 rùbẹ́là jà ní Amẹ́ríkà, àrùn tí kò le tó éèyi lára àgbà, àmọ́ tó burú fún ọmọ inú oyún. Dókítà Stella Chess ní New York tọ́pa ọmọ 243 tí ìyá wọn ní in nígbà oyún, 18 nínú wọn ló ní ọ́tísíìmù tàbí tó ní díẹ̀ lára ẹ̀, ìyẹn sì pọ̀ ju ti gbogbo ìlú lọ fíìfíì. Ní Dẹ́nmáàkì náà, wọ́n wo ìwé ọmọ tó lé ní mílíọ̀nù kan ààbọ̀ tí wọ́n bí láàárín 1980 sí 2005, wọ́n rí i pé tí fáírọ́ọ̀sì bá gbé ìyá dé ọsibítù láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ewu pé kí ọmọ ní ọ́tísíìmù lọ sókè. Àmọ́ nígbà tí wọ́n tún wo àwọn ọmọ 96,736 níbẹ̀, ọ̀fìnkìn àti ikọ́ lásán ò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú ẹ̀. Olùwádìí kan, Paul Patterson, ní Caltech, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, àtàwọn èèyàn ẹ̀ fi hàn nínú eku lọ́dún 2007 pé kì í ṣe kòkòrò yẹn gan-an ló ń dé ọ̀dọ̀ ọmọ, ìránṣẹ́ àwọn ọmọ ogun ìyá ni, cytokine kan tó ń jẹ́ IL-6. Àwọn olùwádìí méjì míì, Gloria Choi àti Jun Huh, tún rí òmíràn, IL-17a, lọ́dún 2016.

Màmá, ẹ ò fa nǹkan kan. Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn ni pé wọ́n ti fi ẹjọ́ yìí jẹ àwọn ìyá níyà rí, wọ́n ní ìyá tí kì í fìfẹ́ hàn sọ́mọ, tó tutù bíi fíríìjì, ló ń bí irú ọmọ yìí, irọ́ gbuu ni, ó sì ba ilé púpọ̀ jẹ́. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn obìnrin tí ibà mú nínú oyún, ọmọ wọn ò ní ọ́tísíìmù. Ohun tó ń ti inú ẹbí wá, tó wà nínú ẹ̀jẹ̀, ló kó apá tó pọ̀ jù.

Ẹnì kan wá béèrè abẹ́rẹ́ àjẹsára, ó ní wọ́n ń gbé e kiri lórí WhatsApp pé òun ló ń fa ọ́tísíìmù. Ọmọ 12 péré ni Andrew Wakefield, dókítà tó dá ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀, kọ ìwé ẹ̀ lé lórí ní 1998, ìwé ìròyìn tó gbé e jáde fagi lé e ní 2010, ọdún kan náà ni wọ́n gba ìwé àṣẹ dókítà lọ́wọ́ ẹ̀ ní Ìlú Ọba. Ní Dẹ́nmáàkì wọ́n wo ọmọ 657,461, wọ́n gbé e jáde ní 2019, àwọn tó gba abẹ́rẹ́ éèyi àti rùbẹ́là yẹn ò ní ọ́tísíìmù ju àwọn tí ò gbà á. Ẹ tún wá wò ó: rùbẹ́là tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn, abẹ́rẹ́ yìí ló ń dènà ẹ̀.

Ó wá ku àwọn tó ń ta oògùn. Wọ́n ti gbọ́ pé ara wíwú wà nínú ẹ̀, wọ́n wá ń ta àgbo, ìyẹ̀fun, omi ìfọnú, wọ́n ní ó máa pa iná inú ọpọlọ. Ó ń dùn mí, torí owó tí òbí fi ń tọ́jú ọmọ ni wọ́n ń gbà. Minocycline, oògùn tó ń mú kí microglia rọlẹ̀, wọ́n gbìyànjú ẹ̀ fún ọmọ 11 ní Amẹ́ríkà fún oṣù mẹ́fà, 2013 ni wọ́n gbé e jáde, kò yí nǹkan kan padà lára wọn. Sẹ́ẹ̀lì yìí kan náà ló ń tún ọpọlọ ṣe, ẹ ò lè kàn dá a dúró. Ní 2005 ọmọ ọdún márùn-ún kan kú ní Pennsylvania nígbà tí wọ́n ń fa oògùn sí i lára láti fọ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ torí ọ́tísíìmù.

Èyí tẹ́ ẹ lè ṣe nílé rèé: tí ọmọ tí kò lè sọ̀rọ̀ bá ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í gbá orí mọ́ ògiri, ẹ kọ́kọ́ ní kí wọ́n wo etí ẹ̀, eyín ẹ̀, kí ẹ béèrè ìgbà tó yàgbẹ́ kẹ́yìn. Ara wíwú lè wà níbẹ̀ tó ń ro ó, kó má mọ bó ṣe máa sọ ọ́.

Mo padà sọ́dọ̀ màmá yẹn lẹ́yìn ìpàdé. Mo sọ fún un pé lọ́dún 2020 àwọn Choi àti Huh fi hàn nínú eku tí ìyá wọn ti ṣàìsàn nínú oyún pé IL-17a tó ń pọ̀ nígbà àìsàn máa ń lọ bá ọpọlọ, ó sì ń jẹ́ kí eku yẹn sún mọ́ ẹgbẹ́ ẹ̀ fúngbà díẹ̀. Eku ni o, wọn ò tíì ní oògùn ọmọ nínú ẹ̀, kí ó máa tọ́jú ibà yẹn kíákíá torí màláríà ń pa ọmọ. Ó ní òun mọ̀, òun kì í fi oògùn ibà ẹ̀ falẹ̀. Ó wá yọ fóònù jáde, fídíò tí kò tó ìṣẹ́jú kan, ọmọ yẹn lórí àga, ojú ẹ̀ pọ́n, ọwọ́ ẹ̀ di etí ìró mú, ó ń wo ojú ẹni tó di fóònù mú láì gbójú kúrò. Páálí oògùn màláríà wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ife omi, wọ́n ti já ojú méjì nínú ẹ̀.