Bí A Ṣe Ń Ṣe Àkọsílẹ̀ Èdè: Iṣẹ́ Onímọ̀ Ẹ̀dá-Èdè ní Àbújá àti Àríwá

Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Kubwa, Lugbe tàbí Nyanya, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti bá ọmọ Gbagyi ná ọjà láìmọ̀, torí Haúsá ló fi dá yín lóhùn. Kí òfin ọdún 1976 tó sọ ilẹ̀ yẹn di ti olú-ìlú, Gbagyi, Gade, Koro, Bassa àti Gwandara ni wọ́n ń sọ níbẹ̀. Bí ẹ bá sì gòkè lọ sí Plateau, gúúsù Kaduna, Bauchi àti Taraba, abúlé méjì tó ń wo ara wọn lókèèrè lè máà gbọ́ èdè ara wọn. Èdè Nàìjíríà lé ní 500. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wà lápá ibí yìí ni kò ní ìwé gírámà, tí kò ní ìwé atúmọ̀, àwọn mìíràn ò tilẹ̀ ní àkọtọ́.

Iṣẹ́ ẹni tó ń ṣe àkọsílẹ̀ irú èdè bẹ́ẹ̀ la fẹ́ tú palẹ̀ lónìí. Iṣẹ́ náà ò ṣàjèjì sí Yorùbá: Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn, tẹ ìwé gírámà Núpé jáde ní 1864. Àmọ́ èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé kí a gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ lọ sí abúlé, kí bàbá àgbà kan sọ̀rọ̀ sínú ẹ̀, kí a padà wálé, iṣẹ́ bùṣe. Rárá o. Apá tó kéré jù nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká yára sọ ti ilé ẹ̀kọ́. Ọdún mẹ́rin ni oyè àkọ́kọ́ nínú ẹ̀dá-èdè sábà máa ń gbà ní fásitì. Ìbàdàn, Ìlọrin, Maiduguri àti Bayero ní Kano wà lára àwọn tó ń kọ́ ọ. Ẹni tó bá fẹ́ fi ìwádìí jẹun yóò tẹ̀ síwájú gba oyè kejì, kó sì máa lé oyè ọ̀mọ̀wé. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀, ẹ má fi fonẹ́tíìkì, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa ìró èdè, ṣeré. Tí etí ò bá lè dá ìró mọ̀, ẹ̀rọ ò lè bá a dá a mọ̀.

Tí ẹ bá dé abúlé, ọ̀dọ̀ Mai Unguwa, ìyẹn olórí àdúgbò, lẹ ó kọ́kọ́ lọ, pẹ̀lú ẹnì kan tí wọ́n mọ̀ níbẹ̀. Ẹ ṣàlàyé ohun tí ẹ fẹ́ gbà, ibi tí yóò wà, àti ẹni tí yóò lè gbọ́ ọ. Bí Mai Unguwa bá ti gbà, ó kù kí ẹni tó máa sọ̀rọ̀ gan-an fọwọ́ sí i. Ẹni tí kò mọ̀wé lè sọ ọ́ sínú ẹ̀rọ, ìyẹn náà tó. Ẹ sọ iye owó tí ẹ ó san fún àsìkò rẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kó sì jẹ́ bákan náà fún gbogbo ènìyàn. Bí ẹ bá fún ẹnì kan lówó, tí ẹ fún ẹnì kejì ní ọṣẹ, ọ̀rọ̀ á di àríyànjiyàn lẹ́yìn yín.

Ó kan ẹ̀rọ. Fáìlì WAV ni kí ẹ yàn, 48 kHz, bíìtì 24. MP3 máa ń gé lára ohùn kí fáìlì lè kéré, ohun tó bá gé ò sì ṣeé dá padà mọ́. Wákàtí kan pẹ̀lú máìkì kan yóò gba nǹkan bí 520 MB, nítorí náà káàdì 32 GB lè gba nǹkan bí 60 wákàtí. Ẹ fi máìkì tí wọ́n ń dè mọ́ orí sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu, kó má wà níwájú ẹnu gan-an, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ èémí á máa gbá a. Ẹ wo ìlà tó ń fò lójú ẹ̀rọ, tó ń fi bí ohùn ṣe le tó hàn: ibi tó ga jù, kó máa wà ní nǹkan bí −12 dB. Tó bá kan òdo, ohùn ti fọ́ nìyẹn, kò sóògùn ẹ̀. Ẹ pa ètò tó ń gbé ohùn sókè fúnra rẹ̀. Tí ẹni náà bá dákẹ́ díẹ̀, ẹ̀rọ á lọ fa ariwo jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò wọlé.

Òrùlé páànù lásìkò òjò, fáànù, àkùkọ, fóònù tí wọ́n gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ: ọ̀tá iṣẹ́ ni gbogbo wọn. Lásìkò ọyẹ́, ẹ fi ìbòrí onírun bo máìkì, kí ẹ sì máa fi ọ̀rá wé ẹ̀rọ lẹ́yìn iṣẹ́ nítorí eruku. Yàrá tí bẹ́ẹ̀dì àti aṣọ kún inú ẹ̀ sàn ju pálọ̀ onítáìlì lọ, torí kì í dá ohùn padà. Hẹ́dífóònù gbọ́dọ̀ wà létí yín látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹni tó ń gba ohùn láìfi etí sí i, ọbẹ̀ ló ń sè láìtọ́ ọ wò.

Ọ̀rọ̀ wo lẹ ó kọ́kọ́ béèrè? Ọ̀pọ̀ ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àkójọ ọ̀rọ̀ tí Morris Swadesh ará Amẹ́ríkà tò: ẹ̀yà ara, omi, iná, jíjẹ, kíkú. Kí ẹni náà sọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹta, kó tún sọ ọ́ nínú gbólóhùn kan tí kò yí padà, torí ẹni tó bá ń ka ọ̀rọ̀ ní títò máa ń rẹ ohùn sílẹ̀ níbi tó parí sí. Ẹ máa béèrè ọ̀pọ̀ pẹ̀lú ẹyọ. Nínú ọ̀pọ̀ èdè Plateau, ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ orúkọ ló ń yí padà tó bá di púpọ̀. Ẹyọ nìkan tí ẹ bá kọ, ìdajì gírámà ti bọ́ lọ́wọ́ yín. Haúsá tí ẹ fi ń béèrè náà lè tàn yín: "hannu" lè jẹ́ ọwọ́, ó lè jẹ́ apá. Tí ẹ bá sì na ìka sí ọwọ́ ara yín, "ọwọ́ rẹ" lè jẹ́ ìdáhùn tí ẹ ó gbà, tí ẹ ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan.

Ní ti ohùn, àwa Yorùbá láǹfààní, a sì ní ewu tiwa. Etí wa ti mọ̀ pé ohùn ń yí ìtumọ̀ padà. Àmọ́ dò-re-mí ti jókòó sórí wa débi pé a fẹ́ fi í wọn gbogbo ayé. Ẹ gbọ́ Haúsá: ohùn méjì ló ní, òkè àti ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn òkè tó bá tẹ̀lé ti ìsàlẹ̀ kì í ga tó ti ìṣáájú. Bí gbólóhùn ṣe ń gùn ni gbogbo rẹ̀ ń wálẹ̀. Etí Yorùbá á gbọ́ òkè ìparí bíi "re", á sì kọ ohùn mẹ́ta sílẹ̀ fún èdè tó ní méjì. Ẹ ní kí ẹni náà fi ìfé fé ọ̀rọ̀ náà, kí ẹ sì fi ọ̀rọ̀ méjì ṣàfiwé níbì kan náà nínú gbólóhùn. Praat, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣe ní Amsterdam, yóò fi ìlà ohùn hàn yín, àmọ́ etí elédè ni adájọ́.

Ibi tí iṣẹ́ ti wúwo nìyí: àdàkọ. Nínú ELAN, ètò kọ̀ǹpútà fún àdàkọ, ẹ ó pín ohùn sí gbólóhùn, ẹ ó kọ ohun tí wọ́n sọ, ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, àti ìtumọ̀ gbólóhùn lódindi. Ìṣẹ́jú kan lè gba ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan, kí elédè sì jókòó tì yín. Tí ẹ bá wá kó wákàtí mẹ́wàá jọ, iṣẹ́ 300 sí 600 wákàtí lẹ dì sẹ́rù yẹn. Ìdí nìyí tí ohùn tí a ò dà kọ fi kún inú hard disk káàkiri. Tí àgbàlagbà ò bá ní eyín mọ́, ẹ gba ìtàn lẹ́nu rẹ̀, kí ọ̀dọ́ kan sì tún un sọ díẹ̀díẹ̀ sínú ẹ̀rọ míì.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá gbà á náà ni kí ẹ kọ ẹni tó sọ̀rọ̀, abúlé, ọjọ́ orí rẹ̀ àti àwọn èdè tó gbọ́ sílẹ̀. Orúkọ fáìlì kò gbọdọ̀ ní àlàfo tàbí àmì ohùn: gbr_20250114_sp02_03.wav dára, gbr sì ni àmì Gbagyi nínú ISO 639-3, ìyẹn àkójọ àmì èdè àgbáyé. Ẹ ṣe ẹ̀dà mẹ́ta, kí ọ̀kan wà nílùú míì. Lẹ́yìn náà, ó di ilé àkójọpamọ́ bíi ELAR, tó bẹ̀rẹ̀ ní SOAS nílùú London, tó wà ní Berlin báyìí. Níbẹ̀, ẹ lè ṣí ìtàn sílẹ̀ fún gbogbo ayé, kí ẹ sì ti orin tí àwọn elédè bá ní kò yẹ létí àlejò pa.

Owó ńkọ́? Olùkọ́ fásitì pọ̀ jù nínú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ yìí. Ìtumọ̀ Bíbélì ń gba onímọ̀ síṣẹ́ ní Jos, àwọn iléeṣẹ́ kọ̀ǹpútà sì ń wá ẹni tó lè ṣètò ohùn Haúsá àti Yorùbá. Ní ti owó ìwádìí, ELDP, ètò tó ń ṣonígbọ̀wọ́ àkọsílẹ̀ èdè tó fẹ́ kú, ti ń fi í ṣọwọ́ sí àwọn onímọ̀ láti 2002, àmọ́ ìwé ètò tí kò sọ ẹni tó máa ṣe àdàkọ kì í lọ jìnnà.

Ẹni tó bá fẹ́ dán an wò kò ní láti dúró de fásitì. Bí ìyá àgbà tó ń sọ Òwé, Ìyàgbà, Bùnú tàbí Ọ̀wọ́rọ̀ bá wà lọ́dọ̀ yín ní Àbújá, ẹ gba ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́nu wọn lórí bí wọ́n ṣe ń ṣe oúnjẹ kan. Ọ̀fẹ́ ni ELAN àti Praat. Ẹ dà á kọ tán, títí dé àmì ohùn tó kẹ́yìn, kí ẹ tó gba òmíràn.