Nọ́ọ̀tì òkè ni kí ẹ kọ́kọ́ tú: bí a ṣe ń pààrọ̀ ọ́ìlì gíà Mazda MX-5 nílé

Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin ènìyàn mi. Àgbàlá ilé wa ní Àkúrẹ́ la wà yìí, abẹ́ ọkọ̀ la sì ń lọ lónìí. Mazda MX-5 ni ọkọ̀ tí ẹ ń wò yìí, òun ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní Miata. Ìjókòó méjì péré, òrùlé aláṣọ, ẹ́ńjìnnì wà níwájú, táyà ẹ̀yìn ló ń tì í lọ. Ọdún 1989 ni Mazda kọ́kọ́ fi irú rẹ̀ han aráyé. Ìran kejì ni tèmi, tòkunbọ̀, gíà ọlọ́wọ́: márùn-ún fún iwájú, ọ̀kan fún ẹ̀yìn.

Gíà kejì ló gbé mi dé abẹ́ rẹ̀. Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, bí mo bá ṣáná sí i láàárọ̀ kùtù, tí mo fẹ́ kúrò ní gíà kìíní bọ́ sí èkejì, ọ̀pá gíà á kọ̀ mí lọ́wọ́, bí ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn tí ẹlòmíràn ń tì padà láti inú yàrá. Kí n tó dé Alágbàká, tí ara ọkọ̀ ti gbóná, á rọ̀. Ẹni tó bá ní irú ọkọ̀ yìí mọ ohun tí mò ń sọ. Àìsàn ìdílé wọn ni, ṣùgbọ́n ọ́ìlì tó ti gbó ló máa ń sọ ọ́ di ńlá.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú lọ́hùn-ún, torí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ọ́ìlì tí wọ́n bá nà sí i ló máa rà. Nínú gíà ọlọ́wọ́, eyín méjì tó fẹ́ wọ ara wọn kì í yí ní eré kan náà. Òrùka idẹ kan wà láàrin wọn, sínkírò ni àwọn mẹkáníìkì ń pè é. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó fara ha èyí tí eré rẹ̀ yàtọ̀, kó dì í mú títí eré àwọn méjèèjì á fi dọ́gba. Ìgbà yẹn ni eyín á wọ eyín wọ́ọ́rọ́wọ́. Bí ọ́ìlì bá nípọn jù, òrùka yẹn á máa léfòó, kò ní tètè rí nǹkan dì mú. Bí ó bá ń yọ̀ jù, ọ̀rọ̀ kò yàtọ̀. Bí ó bá sì ṣàn jù, eyín á máa jẹ eyín.

Ibi tó tẹ̀ lé e yìí ni mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ẹ dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta páàtì, ẹ ní ẹ fẹ́ ọ́ìlì gíà. Ọ́ìlì pupa ló máa kọ́kọ́ gbé fún yín, torí òun ni gbogbo wa mọ̀ sí ọ́ìlì gíà. Ọ́ìlì pupa yẹn, ATF ni. Ọkọ̀ ọtọmátíìkì ló sábà máa ń lò ó. Àwọn BMW ọlọ́wọ́ kan wà tó jẹ́ pé ATF ni ilé iṣẹ́ wọn ní kí wọ́n rọ sí i, ṣùgbọ́n ti Mazda yìí kò sí lára wọn. Bí ẹ bá ní ọkọ̀ yín kì í ṣe ọtọmátíìkì, ó lè gbé 140 jáde, èyí tó nípọn bí oyin, tí wọ́n ń rọ sí abẹ́ tírélà. Ìyẹn náà kọ́. Ohun tó wà nínú ìwé ọkọ̀ yìí ni 75W-90, GL-4 tàbí GL-5. Ẹ ka ara ike ọ́ìlì fúnra yín, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín kà á.

Kí ni GL? Ìpele tí wọ́n fi ń to ọ́ìlì gíà ni. Nínú ọ́ìlì gíà, oògùn kan wà tó ń dáàbò bo irin nígbà tí eyín bá ń tẹ eyín mọ́lẹ̀ gidigidi. Imí ọjọ́ wà nínú oògùn náà, òun ló ń jẹ́ kó máa rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Ti GL-5 tó nǹkan bí ìlọ́po méjì ti GL-4. Gíà ẹ̀yìn, èyí tó ń pín agbára fún táyà, nílò GL-5 yẹn gan-an. Ṣùgbọ́n oògùn tó ń gba irin là lè máa jẹ idẹ díẹ̀díẹ̀ nínú ooru, idẹ sì ni òrùka sínkírò wa. Mazda fàyè gba méjèèjì. Èmi mú GL-4, torí òrùka yẹn ni mo ń tìtorí rẹ̀ wọ abẹ́ ọkọ̀, mi ò sì ní fi ohun tó lè jẹ ẹ́ wò ó sàn.

Nípa 75W, ẹnìkan lè béèrè pé kí la fẹ́ fi nọ́ńbà òtútù ṣe nílùú tí yìnyín kì í ti í bolẹ̀. Ẹ rántí gíà kejì láàárọ̀ ọyẹ́. Bí nọ́ńbà tó wà níwájú W bá ṣe kéré tó ni ọ́ìlì á ṣe tètè ṣàn tó nígbà tí ọkọ̀ kò tíì gbóná.

Lítà 2 ni gíà márùn-ún yìí ń gbà. Ti gíà mẹ́fà kéré díẹ̀ sí i.

Irinṣẹ́ kò pọ̀: jáàkì, sítáǹdì mẹ́rin, sọ́kẹ́ẹ̀tì olójú mẹ́fà tó ba nọ́ọ̀tì mu gẹ́ẹ́, wọ́ṣà tuntun méjì, páànù fífẹ̀, páǹpù ọlọ́wọ́ tó ní rọ́bà lẹ́nu, àkísà, ìbọ̀wọ́. Olójú mẹ́fà ni mo wí, ẹ má lo olójú méjìlá, ó máa ń bó orí nọ́ọ̀tì.

Ẹ wa ọkọ̀ náà yíká fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Èmi lọ títí dé ẹnu ọ̀nà FUTA, yunifásítì tó wà ní Àkúrẹ́ níbí, kí n tó yípo padà. Ọ́ìlì tó bá lọ́wọ́ọ́wọ́ máa ń kó ìdọ̀tí rẹ̀ jáde. Ẹ má jẹ́ kó gbóná jù, nítorí ẹ̀gbẹ́ gíà ni sálẹ́ńsà gbà kọjá, ó sì máa ń bó awọ ọwọ́.

Ọ̀rọ̀ gbígbé ọkọ̀ sókè wá kù. Àgbàlá púpọ̀ níbí ló dagun. Ẹ da omi sórí sìmẹ́ǹtì kí ẹ wo ibi tó ń ṣàn sí. Tó bá sáré lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ wá ibòmíràn, torí bí ọkọ̀ kò bá tẹ́, ìwọ̀n ọ́ìlì tí ẹ máa rọ á ṣì yín lọ́nà. Bí ilẹ̀ pupa lásán lẹ ní, pàápàá lẹ́yìn òjò, ẹ má gbé jáàkì lé e. Á rì. Ẹ wá pákó fífẹ̀ tó nípọn sábẹ́ rẹ̀ àti sábẹ́ sítáǹdì kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi òkúta há táyà, ẹ gbé iwájú, ẹ ki sítáǹdì bọ̀ ọ́, ẹ gbé ẹ̀yìn, ẹ ki sítáǹdì bọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ dìde, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì mi ọkọ̀ náà tagbáratagbára. Ó sàn kó ṣubú nígbà tí ẹ wà lórí ìdúró. Mò ń bẹ̀ yín, ẹ má wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró, ì báà ṣe ìṣẹ́jú kan. Bíríkì náà kò ṣeé gbára lé, ó ń là láìsọ fẹ́nìkan.

A ti wà lábẹ́ rẹ̀ báyìí. Ẹ wo gíà níbi tí mo tan iná sí. Nọ́ọ̀tì kan wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, ibẹ̀ ni ọ́ìlì ń gbà jáde. Òmíràn wà ní ẹ̀gbẹ́, ó ga ju ti ìsàlẹ̀ lọ, ibẹ̀ ni a ń rọ ọ́ìlì sí. Ọwọ́ gbogbo ènìyàn máa ń sáré lọ sí ti ìsàlẹ̀. Ẹ dúró. Ti òkè ni kí ẹ kọ́kọ́ tú, kí ẹ rí i pé ó tú, kí ẹ tó fọwọ́ kan ti ìsàlẹ̀.

Ìṣẹ̀lẹ̀ kan ṣojú mi. Níbi kan tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ṣe, wọ́n da ọ́ìlì inú gíà ọkọ̀ kan nù tán, inú rẹ̀ gbẹ. Ìgbà tó kan rírọ tuntun, nọ́ọ̀tì òkè ti dípẹtà mọ́ ara gíà. Wọ́n fi spánà tí kò bá a mu fà á títí orí rẹ̀ fi yí róbótó. Ọkọ̀ kò ṣeé wà kúrò níbẹ̀, ọ́ìlì kò sì ní ibi tó máa gbà wọlé. Ọjọ́ mẹ́ta ló lò níbẹ̀. Ká ní òkè ni wọ́n kọ́kọ́ gbìyànjú ni, wọn ì bá dá ọwọ́ dúró, ọkọ̀ ì bá fi ọ́ìlì àtijọ́ rẹ̀ rìn lọ sílé.

Tí tiyín bá le, ẹ fún un ní WD-40, ọ́ìlì inú agolo tó ń tú ìpẹtà, ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹ ki páìpù gígùn bọ ọwọ́ irinṣẹ́ kí ẹ rí agbára, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa fà á.

Ó tú? Ó yá, páànù sábẹ́, ẹ tú ti ìsàlẹ̀. Ẹ jẹ́ kó jò títí á fi máa kán tó, tó, tó.

Bó ṣe ń jò, ẹ wo nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ dáadáa. Òòfà ló wà lẹ́nu rẹ̀ yìí. Ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn, tó dà bí ẹrẹ̀ aláwọ̀ eérú, lẹ́búlẹ́bú irin ni. Kò sí nǹkan burúkú níbẹ̀, eyín tó ń ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ yọ lẹ́búlẹ́bú. Ẹ wo ojú ọ́ìlì fúnra rẹ̀ lójú oòrùn. Tó bá ń dán bíi góòlù díẹ̀, idẹ sínkírò ni. Tí góòlù náà bá pọ̀, òrùka ń lọ. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá bá irin tó ní igun lórí òòfà, tí ìka yín lè mú, eyín ti kán nínú, ọ́ìlì tuntun kò lè wò ó sàn. Ẹ wọn ohun tó jáde pẹ̀lú ike omi. Tèmi kò pé lítà 1 àtààbọ̀, bẹ́ẹ̀ lítà 2 ló yẹ kó wà nínú rẹ̀. Ó ti ń jò láti ẹ̀yìn, níbi tí ọ̀pá tó ń lọ sí ẹ̀yìn ti jáde. Ọ́ìlì tó dín kù yìí náà wà lára ohun tó ń da gíà kejì láàmú.

Ẹ nu nọ́ọ̀tì, ẹ pààrọ̀ wọ́ṣà, ẹ dá a padà. Alumíníọ̀mù ni ara gíà yìí, ó rọ̀ ju irin lọ. Ẹ fún un kó dúró, ẹ má fún un bíi nọ́ọ̀tì táyà, kó má bàa jẹ ojú ihò.

Ẹ wá fi páǹpù rọ ti tuntun láti ẹ̀gbẹ́. Bí ẹ kò bá ní páǹpù, ẹ ti rọ́bà gígùn láti inú bọ́nẹ́ẹ̀tì sọ̀kalẹ̀ wọ ihò òkè, ẹ fi àrọ sí orí rẹ̀, kí ẹnìkan máa dà á lókè kí ẹnìkan máa ṣọ́ ìsàlẹ̀. Nígbà tí ọ́ìlì bá dé ẹnu ihò, tó ń ṣàn jáde tẹ́ẹ́rẹ́, ó ti kún. Ẹ dé e.

Ohun kan wà tí àwọn mẹkáníìkì wa kì í sábà ranti lórí ọkọ̀ yìí. Ìdí ọ̀pá gíà, nínú ọkọ̀, ní ọ́ìlì tirẹ̀ nínú ihò kékeré kan, èyí tí a dà nù kò kàn án. Ẹ ṣí ideri ọ̀pá náà, ẹ tú àwọn bóòtù rẹ̀, ẹ fà á jáde. Tèmi gbẹ táútáú, rọ́bà tó bò ó sì ti ya. Mo fi ọ́ìlì kan náà sí i, ìwọ̀nba tí kò tó ife kan, mo fi rọ́bà tuntun bò ó.

Ọ́ìlì dúdú tó wà nínú páànù, ẹ má dà á sí gọ́tà. Gọ́tà wa ló ń ṣàn lọ sínú odò Alà. Ẹ má sì dà á sílẹ̀, torí inú ilẹ̀ yìí kan náà ni kàǹga tí a ń fà mu wà. Ẹ rọ ọ́ sínú ike, ẹ kó o lọ fún àwọn tó ń ra ọ́ìlì kọ́ńdẹ́ẹ̀mù lọ́wọ́ àwọn mẹkáníìkì.

Mo wà á lọ sọ́nà Ìdànrè ní ìrọ̀lẹ́, níbi tí ọ̀nà ti ń yí tó sì ń gòkè, tí ènìyàn kò lè ṣe kó má pààrọ̀ gíà. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ara ọkọ̀ tó gbóná rárá, gíà kejì wọlé. Ó ṣì ń le díẹ̀, ṣùgbọ́n ó wọlé. Páálí tí mo tẹ́ sábẹ́ rẹ̀ mọ́jú rèé: abẹ́ nọ́ọ̀tì méjèèjì gbẹ, ẹ̀yìn gíà nìkan ló kán ẹ̀kán méjì sílẹ̀. Síìlì ẹ̀yìn, rọ́bà tó yẹ kó dènà jíjò níbẹ̀, la máa pààrọ̀ nínú fídíò tó ń bọ̀.