Ẹni Tó Wà Lórí Àga àti Ẹni Tí Wọ́n Ní Kó Dìde: Ọ̀rọ̀ Ìyànjú àti Àdúrà Òwúrọ̀

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa. Ọ̀pọ̀ ló sùn tí kò jí. Àwa jí, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dúpẹ́ ná.

Ẹsẹ Bíbélì wa lówùúrọ̀ yìí wà nínú Ìwé Òwe 24:16: olódodo a máa ṣubú nígbà méje, a sì tún dìde. Ìtàn ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé rẹ̀, Kurt Warner, tó jẹ́ agbábọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ oníwàásù ti sọ ìtàn rẹ̀ rí, àmọ́ bí wọ́n bá ti dé ibi tó dùn, wọ́n á pa Bíbélì dé. Èmi fẹ́ ká kọjá ibẹ̀ lónìí.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò mọ eré náà: bọ́ọ̀lù tí àwọn ará Amẹ́ríkà fẹ́ràn jù kì í ṣe èyí tí à ń fẹsẹ̀ gbá. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sá, ọwọ́ náà ni wọ́n fi ń jù ú. Ẹni tí wọ́n ń pè ní quarterback ni bọ́ọ̀lù kọ́kọ́ ń dé ọwọ́ rẹ̀. Òun ló ń pe ètò fún àwọn yòókù, òun ló ń wo ibi tí ọ̀nà ṣí sí, bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta péré ló sì ní láti jù ú kí àwọn géńdé tó ń bọ̀ tó gbé e ṣánlẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń ṣe iṣẹ́ yìí lórí pápá. Bí onítọ̀hún kò bá ṣèṣe, tí kò sì ba nǹkan jẹ́, igbákejì rẹ̀ lè jókòó sórí àga láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé ìparí. Orí àga yẹn ni ọ̀rọ̀ wa wà.

Ìpínlẹ̀ Iowa ni wọ́n bí Warner sí lọ́dún 1971. Ní University of Northern Iowa, ọdún tó kẹ́yìn níbẹ̀ ni wọ́n tó fún un láyè. Lọ́dún 1994, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ NFL, ìyẹn líìgì tó ga jù nínú eré náà, ń ṣa àwọn ọ̀dọ́ tó ń bọ̀ láti yunifásítì, kò sí ẹgbẹ́ tó pe orúkọ rẹ̀. Green Bay Packers ní kó wá gbìyànjú wò lọ́dọ̀ àwọn, níbi tí Brett Favre ti jókòó ti ipò náà pinpin. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ pé lọ́jọ́ kan tí kóòṣì ní kí òun bọ́ sí pápá, òun kọ̀, torí òun kò tíì mọ ìwé ètò eré náà dáadáa. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ní kó máa lọ sílé. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ gbọ́ èyí o: àyè lè ṣí kí a má tíì múra. Kì í ṣe gbogbo ilẹ̀kùn tó tì ni àjẹ́ tì.

Ó padà sí Iowa. Ní ìlú Cedar Falls, ó gba iṣẹ́ òru ní ilé ìtajà oúnjẹ Hy-Vee, ó ń to ọjà sórí pẹpẹ ní dọ́là márùn-ún àtààbọ̀ fún wákàtí kan. Brenda, obìnrin tó ń fẹ́, ti bí ọmọ méjì kí wọ́n tó pàdé. Èyí ọkùnrin fara pa lórí nígbà tó wà ní ọmọ ọwọ́, ojú rẹ̀ kò sì ríran dáadáa mọ́. Lọ́dún 1996, ìjì líle wó ilé mọ́ àwọn òbí Brenda ní Arkansas, bàbá àti ìyá kú lọ́jọ́ kan náà. Warner ti jẹ́rìí pé bí òun ṣe rí i tí Brenda ń sunkún sí Ọlọ́run, tó ń béèrè ìdí, síbẹ̀ tí kò fi í sílẹ̀, wà lára ohun tó sọ ìgbàgbọ́ di ti òun gan-an. Mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí i pé obìnrin náà sunkún. Àwọn kan máa ń kọ́ wa pé onígbàgbọ́ kì í béèrè ìdí. Dáfídì béèrè, Jóòbù béèrè.

Nígbà náà, Warner ń ju bọ́ọ̀lù fún Iowa Barnstormers nínú eré abẹ́ òrùlé, níbi tí pápá kò ju àádọ́ta yáàdì lọ, ìdajì ti NFL. Àwọn tó gbọ́n lójú ayé ń fi eré yẹn ṣe yẹ̀yẹ́. Àmọ́ níbi tí pápá ti kéré, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ tètè ríran, kó tètè tú u sílẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọ́n á ti bá a. Ọdún mẹ́ta ló lò níbẹ̀. Lẹ́ẹ̀mejì ni wọ́n dé ìdíje àṣekágbá, lọ́dún 1996 àti 1997, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni wọ́n sì pàdánù. Lẹ́yìn náà ló lọ sí Amsterdam, lórílẹ̀-èdè Netherlands, ó gbá fún Admirals lọ́dún 1998, kó tó wá jókòó sórí àga ní St. Louis Rams, ẹgbẹ́ NFL kan. Níbẹ̀rẹ̀ ọdún 1999, wọ́n tilẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn tí Cleveland Browns, tó jẹ́ ẹgbẹ́ tuntun, lè wá mú lọ. Browns wò ó, wọ́n fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Ibi tí mo ń bọ̀ nìyí. Rams ti ra quarterback mìíràn fún ọdún náà, Trent Green, òun ni gbogbo ìrètí wọn. Ní oṣù kẹjọ, nínú eré ìgbáradì, wọ́n ṣe orúnkún Green léṣe, ọdún náà sì parí fún un. Kóòṣì Dick Vermeil sunkún níwájú àwọn oníròyìn, ó sì ní àwọn á kó ara jọ yí Kurt Warner ká, àwọn á sì gbá bọ́ọ̀lù tó dára. Ẹni tí wọ́n fi sílẹ̀ fún Cleveland wọ pápá. Ó ju bọ́ọ̀lù 41 tó di góòlù lọ́dún yẹn, wọ́n sọ ọ́ di àgbà òṣèré NFL, ìyẹn ẹni tó ta yọ jù lọ́dún náà, ẹgbẹ́ tó jáwé olúborí nínú eré mẹ́rin péré lọ́dún tó ṣáájú sì borí nínú mẹ́tàlá. Ní ọjọ́ 30 oṣù kìíní ọdún 2000, ní Atlanta, nígbà tí àmì ayò àwọn àti Tennessee Titans dọ́gba ní 16 sí 16, wọ́n kọlù ú bó ṣe ń jù ú, síbẹ̀ bọ́ọ̀lù náà dé ọwọ́ Isaac Bruce, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ó gbé e sá wọlé. Yáàdì 73 ni. Wọ́n gba Super Bowl, ìyẹn ife àṣekágbá NFL. Ibi tí àwọn oníwàásù ti máa ń ṣe "Hallelúyà" nìyẹn, wọ́n á sì ní ká dìde ká gbàdúrà pé kí ẹni tó jókòó sórí ipò wa dìde ní dandan.

Ẹ̀yin ará, orúnkún ọmọ ẹlòmíràn ló fọ́ kí Warner tó wọlé. Èwo nínú wa ló lè gbàdúrà kí orúnkún Green fọ́? Warner kò gbà á. Ó wà lórí àga, ó ń kọ́ ìwé ètò. Ọlọ́run kò sì gbàgbé Green. Lọ́dún 2001, Vermeil tó sunkún lórí rẹ̀ yẹn mú un lọ sí Kansas City Chiefs, ó sì di ọ̀kan lára àwọn tó dára jù níbi iṣẹ́ náà. Àga Ọlọ́run kò tán nínú yàrá kan.

Ìṣubú dé lẹ́yìn náà, èyí tí wọn kì í sọ. Ní oṣù kejì ọdún 2002, Rams tún dé Super Bowl, gbogbo ayé gbà pé tiwọn ni. New England ló borí, 20 sí 17. Ẹni tó ju bọ́ọ̀lù fún New England, Tom Brady, ẹni orí àga lòun náà tẹ́lẹ̀, tó wọlé nígbà tí Drew Bledsoe fara pa. Ohun tó gbé Warner ga ló borí rẹ̀. Lọ́dún yẹn náà, ìka ọwọ́ rẹ̀ ṣẹ́. Nínú eré àkọ́kọ́ ọdún 2003, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni bọ́ọ̀lù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n gbé ipò fún Marc Bulger, igbákejì rẹ̀. Ẹni tó ti di àgbà òṣèré lẹ́ẹ̀mejì tún di ẹni orí àga, ní ọdún 2004 Rams sì ní kó máa lọ.

New York Giants gbà á, ṣùgbọ́n kó bàa lè di àyè mú de Eli Manning, ọ̀dọ́ quarterback tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú, ni. Nígbà tí Warner ti gbá eré mẹ́sàn-án, tí ó borí nínú márùn-ún, wọ́n ní kó dìde fún ọmọdé náà. Ẹni tí irú èyí kò bá dùn kì í ṣe ẹlẹ́ran ara. Àmọ́ kí ló ṣe? Eli ti sọ ọ́ ní gbangba pé ọ̀dọ̀ Warner lòun ti kọ́ bí a ṣe ń múra sílẹ̀ fún iṣẹ́ náà. Ẹ rántí 1 Sámúẹ́lì orí 18. Sọ́ọ̀lù rí Dáfídì, ó ju ọ̀kọ̀. Jónátánì, tí ìtẹ́ tọ́ sí gan-an, bọ́ aṣọ rẹ̀, ó fi í fún Dáfídì. Nínú ilé kan náà ni wọ́n jọ ń gbé, bàbá àti ọmọ. Ẹni tí yóò gba ipò lọ́wọ́ rẹ ń bọ̀ dandan; ọ̀kọ̀ tàbí aṣọ, èwo lo máa nawọ́ sí?

Ní Arizona, ó tún ṣẹlẹ̀. Ó dé ọ̀dọ̀ Cardinals lọ́dún 2005, ní 2006 wọ́n gbé ipò fún Matt Leinart tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì. Ó tún jókòó. Ẹni tó ti lé ní ọdún márùndínlógójì, tó wá di ẹni tó ń wọ ìbọ̀wọ́ ju bọ́ọ̀lù torí kó má baà máa yọ̀! Àmọ́ ní 2008, ipò padà bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀, ó sì kó Cardinals, ẹgbẹ́ tí kò dé ibẹ̀ rí, lọ sí Super Bowl. Wọ́n pàdánù rẹ̀, 27 sí 23, lọ́wọ́ Pittsburgh, nígbà tó ku ìṣẹ́jú àáyá 35 péré. Mi ò ní pa irọ́ fún yín pé ó gba ife lẹ́ẹ̀kejì. Kò gbà á. Ní oṣù kìíní ọdún 2010 ló fẹ̀yìn tì, ní 2017 wọ́n sì gbé e wọ gbọ̀ngàn àwọn akọni eré náà ní Canton, Ohio.

Bíbélì kò sọ pé olódodo a máa dìde, kó má sì ṣubú mọ́. Ìgbà méje ni Sólómọ́nì kà. Àdúrà wa, bí mo ṣe ń gbọ́ ọ káàkiri, ti ìgòkè ni gbogbo rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà ti orí àga pẹ̀lú lónìí.

Ẹ dìde, bí ara bá gbà yín láyè.

Bàbá wa tí ń bẹ lọ́run, ẹni tó gbé wa la òru kọjá, a wólẹ̀. Ìwọ tó jókòó sórí ìtẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò gbà lọ́wọ́ rẹ rí, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní gbà á, gba ọpẹ́ wa.

Olúwa, a tọrọ àforíjì fún àdúrà tí a fi ìlara gbà. Ibi tí a ti ní kí ọmọnìkejì wa ṣubú kí ọ̀nà wa lè là, Jèhófà, má ṣe dáhùn rẹ̀. Fún òun ní tirẹ̀, kí o fún wa ní tiwa. Àmín.

Àwọn ọmọ rẹ tó ń ti ibi iṣẹ́ òru bọ̀ ní àárọ̀ yìí, tó to ọjà, tó ṣọ́ ilé ẹlòmíràn, tó tọ́jú aláìsàn tí kì í ṣe ìbátan wọn: má jẹ́ kí agbára wọn ṣòfò. Ohun tí ọwọ́ wọn ń kọ́ nínú òkùnkùn, jẹ́ kó wúlò fún wọn lọ́jọ́ tí a bá pè wọ́n. Kí oorun ọ̀sán wọn dùn. Àmín.

Baba, bí àyè bá ṣí lónìí, má jẹ́ kó bá wa láìmọ ìwé ètò. Ẹni tó ń múra fún ìdánwò, ẹni tí wọ́n máa fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò, ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, fún wọn ní sùúrù láti kà á tán. Àmín.

Ìdílé tó ń tọ́ ọmọ tí ara rẹ̀ kò dá pé, Olúwa, dúró tì wọ́n. Fún ìyá ní okun, fún bàbá ní ojú àánú. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe pe ọmọ náà ní ìyà wọn. Àmín.

Àwọn tí wọ́n ti ní kó dìde lórí àga: tí ọ́fíìsì fún ní ìwé pé kó máa lọ, tí ọmọdé gba ipò wọn, tí ọwọ́ wọn ti ń gbọ̀n lórí iṣẹ́ tí wọ́n fi ṣe ògo tẹ́lẹ̀. Ọlọ́run, gbà wọ́n lọ́wọ́ ẹ̀mí Sọ́ọ̀lù. Fún wọn ní ọkàn Jónátánì. Bí o bá sì tún fẹ́ gbé wọn dìde, má jẹ́ kí ọjọ́ orí dí ọ lọ́wọ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, fi ọlá sí ìjókòó wọn. Àmín.

Èmi náà, Olúwa, ibi tí o bá fi mí sí láàárín ìdájí yìí sí alẹ́, ní pápá tàbí lórí àga, jẹ́ kí n lè bá ẹni tó wà ní òdìkejì yọ̀ láìṣe àgàbàgebè. Ní orúkọ Jésù Kristi Olúwa wa ni a gbàdúrà. Àmín.

Ẹ ka 1 Sámúẹ́lì orí 18 títí dé ẹsẹ 16 kí ẹ tó jáde nílé, kí ẹ sì pe ẹnì kan lórí fóònù lónìí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá dúró níbi iṣẹ́.