Macro Ló Ń Jíṣẹ́, Sọ́fítíwìà Ló Mọ Kẹ́mísìrì

Ẹ jẹ́ ká mú butane. Kábọ́ọ̀nù mẹ́rin ló tò tẹ̀lé ara wọn nínú rẹ̀ bí ẹ̀wọ̀n. Tí a bá fẹ́ mọ bí agbára rẹ̀ ṣe ń gòkè tó ń sọ̀ bí a ti ń lọ́ ọ láàárín, a ó máa fi dígíríì 10 yí igun rẹ̀, láti 0 títí dé 360. Ojú ibi 37 nìyẹn. Ẹ yí igun, ẹ tẹ ìṣírò, ẹ dúró, ẹ ka nọ́ńbà, ẹ kọ ọ́ sínú Excel. Kó tó di ìgbà ogún, ojú á ti rẹ̀ yín, ẹ ó ti fo ìlà kan, ẹ ò sì ní mọ èwo ni.

Ohun tí mo máa ń tẹnu mọ́ nìyí: macro, ìyẹn àṣẹ tí a kọ sínú Excel kó lè máa ṣe iṣẹ́ àṣetúnṣe fúnra rẹ̀, kì í ṣe kẹ́mísìrì, ìránṣẹ́ ni. Sọ́fítíwìà kẹ́mísìrì tó ń ṣe ìṣírò ló mọ átọ́ọ̀mù. Macro ń gbé iṣẹ́ lọ, ó ń gbé èsì bọ̀. Èyí tó wù mí jù ni pé kóòdù rẹ̀ wà nílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láti kà. Iṣẹ́ tí a fi ọwọ́ tẹ̀ kì í ní ipasẹ̀. Bí ẹnìkan bá bi yín lọ́dún tó ń bọ̀ pé báwo lẹ ṣe rí nọ́ńbà yìí, kí lẹ ó fi hàn án?

Ọ̀nà yìí kì í ṣe tuntun. Láti ọdún 1993 ni VBA, èdè tí a fi ń kọ macro, ti wà nínú Excel. HyperChem, ọ̀kan nínú àwọn sọ́fítíwìà kẹ́mísìrì, náà gba kí Excel bá òun sọ̀rọ̀ nípasẹ̀ DDE, ọ̀nà tí sọ́fítíwìà méjì fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí Windows: DDEInitiate a ṣí ilẹ̀kùn, DDEExecute a rán iṣẹ́, DDERequest a béèrè èsì, DDETerminate a ti ilẹ̀kùn. Sọ́fítíwìà tí kò ní irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀, bíi Gaussian, fáìlì ọ̀rọ̀ lásán ni macro máa kọ fún un. Ẹ má gbàgbé ìlà òfìfo tó gbọ́dọ̀ parí fáìlì náà o; ẹni tó ti jí lówùúrọ̀ bá iṣẹ́ tó kú nítorí rẹ̀ mọ ohun tí mò ń sọ.

Àwọn kan máa ń sọ pé Python, èdè ìkọ kóòdù mìíràn, ni ẹni tó bá mọṣẹ́ máa ń lò. Python dára, èmi náà ń lò ó. Ṣùgbọ́n inú Excel ni nọ́ńbà ọ̀pọ̀ olùwádìí ti wà láti àárọ̀. Ẹ má sọ fún ẹni tó di ọkọ́ mú pé kò lè roko àfi tó bá kọ́kọ́ ra katakata.

Orí gíráàfù ni mo fẹ́ bọ́ sí níbi ìpàdé tí mo ti ń ṣàlàyé èyí nígbà tí arábìnrin kan nawọ́ láti ẹ̀yìn: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, tí ìṣírò kan ò bá parí ńkọ́? Ṣé macro á mọ̀?”

Kò ní mọ̀. Mo pa gíráàfù tì. Ìlà kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kọ sókè macro wọn: On Error Resume Next. Ohun tó ń sọ ni pé bí nǹkan bá bàjẹ́, dákẹ́, máa lọ. Ìṣírò igun 120 kùnà. Nọ́ńbà igun 110 ṣì wà lọ́wọ́ macro, òun náà ló tún kọ sílẹ̀. Gíráàfù yín á wá tẹ́ pẹrẹsẹ níbi tó yẹ kí òkè wà.

Nítorí náà, ẹ ya òpó (column) kan sọ́tọ̀ nínú Excel fún “ó parí” tàbí “kò parí”. Kí macro kọ́kọ́ wá gbólóhùn tí sọ́fítíwìà fi ń sọ pé òun parí. Ti Gaussian ni Normal termination. Bí kò bá rí i, kó fi àpótí (cell) agbára sílẹ̀ lófìfo.

Àkókò ti lọ, ẹ jẹ́ kí n sáré mú ọ̀kan sí i. Tí macro bá ń ka àpótí, .Value ni kẹ́ ẹ lò, kì í ṣe .Text. Ohun tí ojú rí ni .Text ń gbé. Agbára butane tó bíi -157 hartree (ẹyọ tí a fi ń wọn agbára nínú irú ìṣírò yìí), ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìrísí rẹ̀ méjì tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ kò sì ju bíi 0.0014 lọ. Bí àpótí bá ń fi nọ́ńbà méjì péré hàn lẹ́yìn ojú àmì, gbogbo ohun tẹ́ ẹ wá lọ ti sọnù.

Lẹ́yìn ìpàdé, arábìnrin náà gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá. A pa ìlà On Error rẹ́, a fi òpó tuntun kún un, a sì tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Àpótí mẹ́ta ló ṣófo.