Abẹ́ Ọkọ̀ Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wò: Bí Wọ́n Ṣe Ń Kan Ọkọ̀ Alumíníọ̀mù Àwọn Ọdẹ

(Àwòrán: ọkọ̀ alumíníọ̀mù kan tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀ lórí àga onírin, abẹ́ rẹ̀ ń dán.)

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ọkọ̀ ojú omi tí ẹ̀ ń wò yìí, wọ́n mọ̀-ọ́n-mọ̀ dojú rẹ̀ délẹ̀ ni, torí abẹ́ rẹ̀ la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí. Bí ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń kàn án, ẹ́ńjìnnì ló máa ń kọ́kọ́ bèèrè, lẹ́yìn náà ó kan ọ̀dà. Ẹ́ńjìnnì ṣeé pààrọ̀, ọ̀dà ṣeé tún kùn. Abẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n bá kàn ní ìkànkukàn, iṣẹ́ omi gbígbọ́n ló kù fún ẹni tó ra á.

Akúrẹ́ la wà. Odò Àlà tó la ìgboro wa kọjá kò lè gbé irú ọkọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n ẹ gba Oǹdó lọ sí Ọ̀rẹ̀, kí ẹ gba Òkìtìpupa jáde sí Igbókòdá, ibẹ̀ ni títì ti ń fi ọ̀nà sílẹ̀ fún omi. Láti ibẹ̀ lọ sí Àyétòrò, ìlú tí wọ́n tẹ̀ dó sétí òkun lọ́dún 1947, ọkọ̀ ojú omi lẹsẹ̀ àwọn èèyàn. Àwọn tó lè kan irú ọkọ̀ yìí fún wọn wà nínú Akúrẹ́ níbí: àwọn wẹ́dà tó ń ṣe géètì àti táńkì, àti àwọn tó ń ṣe fèrèsé alumíníọ̀mù. Ọ̀kan mọ iná, èkejì mọ irin náà. Ohun tí àwọn méjèèjì kò tíì mọ̀ ni mo fẹ́ kí a jọ wò.

(Àwòrán: ọkọ̀ ọdẹ kan ń gba àárín koríko àbàtà kọjá.)

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń fi irú ọkọ̀ yìí ṣe iṣẹ́ tó le jù, ìyẹn àwọn ọdẹ pẹ́pẹ́yẹ ní Louisiana àti Arkansas, lápá gúúsù Amẹ́ríkà. Àbàtà pọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Nígbà òtútù, pẹ́pẹ́yẹ ìgbẹ́ máa ń fò wá láti apá àríwá, ibi tí omi ò ti jìn, tí koríko àti kùkùté kún, ni wọ́n máa ń bà sí. Ọdẹ á gbéra kí ilẹ̀ tó mọ́, òun, ajá rẹ̀, ìbọn rẹ̀, àti àpò ère pẹ́pẹ́yẹ tó fi ń tan àwọn ẹyẹ náà. Ibi tó ń lọ, omi lè dé orúnkún níhìn-ín, kó di ẹrẹ̀ lásán lọ́hùn-ún.

Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tí gbogbo wa mọ̀ ní Igbókòdá, omi odò ló ń fà sára láti fi tu ara rẹ̀ lára. Bó bá fa ẹrẹ̀, ó ti tán nìyẹn. Èyí tí àwọn ọdẹ wọ̀nyẹn ń lò yàtọ̀: afẹ́fẹ́ ló ń tù ú lára, abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ sì ń yí lójú omi gan-an, ó lè ti ọkọ̀ gba inú ẹrẹ̀ kọjá. Kò sí agbára ẹ́ńjìnnì tó lè gbà wọ́n, bí abẹ́ ọkọ̀ bá ń fa ẹrẹ̀ mọ́ra. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń fẹ́ kí abẹ́ ọkọ̀ wọn dán bọ̀rọ́, láìsí orí rífẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ìṣó kúkúrú tí wọ́n fi ń so ṣíìtì pọ̀, láìsí irin tó yọrí síta, kó lè yọ̀ lórí ẹrẹ̀ àti lórí igi tó wó sómi.

Kí ló dé tó jẹ́ alumíníọ̀mù? Ẹ mú ṣíìtì kan tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 8, tó fẹ̀ ní 4, tó nípọn ní mìlímítà 3. Bó bá jẹ́ alumíníọ̀mù, nǹkan bíi kílò 24 ni. Èèyàn kan á dá gbé e. Bó bá jẹ́ irin dúdú, á tó kílò 70. Pákó náà dára, àwọn bàbá wa ti fi ṣe ọkọ̀ tó rìn jìnnà, àmọ́ pákó ń mu omi, kòkòrò sì ń jẹ ẹ́. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ilé-iṣẹ́ Grumman ní Amẹ́ríkà ń fi alumíníọ̀mù ṣe ọkọ̀ òfuurufú ogun. Ní 1944, ọ̀gá kan níbẹ̀, William Hoffman, ru ọkọ̀ onípákó lórí ilẹ̀ láti odò kan sí òmíràn, ó rẹ̀ ẹ́, ló bá rò ó pé irin tí àwọn fi ń ṣe ọkọ̀ òfuurufú á fúyẹ́ ju èyí lọ. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọkọ̀ alumíníọ̀mù tà. Rífẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi so ìyẹn pọ̀. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ṣì ń lò ó títí dòní, ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá ń gbá igi lójoojúmọ́, rífẹ́ẹ̀tì a máa tú díẹ̀díẹ̀. Iná ni àwọn tó ń kan ọkọ̀ ọdẹ fi ń jó tiwọn pọ̀.

(Àwòrán: abẹ́ ọkọ̀ méjì, ọ̀kan tẹ́ pẹrẹsẹ, èkejì ṣóńṣó lábẹ́.)

Ohun tí ẹni tó fẹ́ kan ọkọ̀ fún yín gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi yín ni pé, omi wo lẹ fẹ́ gbé e lọ? Bí kò bá bèèrè, ẹ wá ẹlòmíràn. Ọkọ̀ tí abẹ́ rẹ̀ tẹ́ kì í rì púpọ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀: bí abẹ́ ọkọ̀ bá gùn ní mítà 4.8, tó fẹ̀ ní mítà 1.2, fún sẹ̀ǹtímítà kọ̀ọ̀kan tó bá rì, omi ń gbé nǹkan bíi kílò 57 ró. Bí ọkọ̀, ẹ́ńjìnnì, èèyàn méjì àti ẹrù wọn bá jẹ́ kílò 450 lápapọ̀, sẹ̀ǹtímítà 8 ni yóò rì. Torí pé iwájú ọkọ̀ máa ń tín-ín-rín, ẹ pè é ní 9 tàbí 10. Omi tó dé ọrùn ẹsẹ̀ ti tó fún un.

Àmọ́ bí ẹ bá gbé ọkọ̀ pẹrẹsẹ yẹn sójú òkun, ìgbì á máa lù ú pàá-pàá, ẹ̀yìn ẹni tó jókòó sínú rẹ̀ ni yóò sọ ìyókù. Èyí tó ṣóńṣó lábẹ́ ló ń la ìgbì, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ omi jíjìn. Àwọn kan máa ń ṣe é kó ṣóńṣó níwájú, kó sì máa tẹ́ lọ dé ìdí. Ní tèmi, ẹni tó ń gba inú odò kéékèèké àti àárín igi ẹ̀gbà lọ ní Ìlàjẹ àti Ẹsẹ̀-Odò, irú èyí ló yẹ kó béèrè. Ẹni tó ń jáde sójú òkun pátápátá, kó má fi ọkọ̀ ọdẹ lọ rárá.

Ó wá kan irin fúnra rẹ̀. Alumíníọ̀mù kì í ṣe oríṣi kan. Èyí tí a fi ń ṣe fèrèsé, nọ́ńbà 6063 ni wọ́n ń pè é; ó dára fún fèrèsé. Ti ọkọ̀ ni àwọn tí nọ́ńbà wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 5: 5052, 5083, 5086. Magnesium, irin fúfúyẹ́ kan, ni wọ́n pò mọ́ wọn, òun ló jẹ́ kí wọ́n lè dúró nínú omi iyọ̀. Nǹkan míì tún wà. Àwọn tí nọ́ńbà wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 6, ooru ni wọ́n fi sọ wọ́n di líle. Bí iná wẹ́dà bá tún kàn wọ́n, ẹ̀gbẹ́ ibi tí a jó lè pàdánù bí ìdajì agbára rẹ̀. Ìdílé 5 kò rí bẹ́ẹ̀. 5052 tún máa ń gbà kí a ká a, nígbà tí 6061 tó le a máa sán bí a bá fi ipá ká a. Ẹ wo ara ṣíìtì kí ẹ tó sanwó: wọ́n máa ń tẹ nọ́ńbà yẹn sí i lára. Èyí tí kò ní nọ́ńbà, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń ṣe ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Ní ti nínípọn, mìlímítà 2.5 sí 3.2 ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ọdẹ. Ẹni tó ń gun orí kùkùté lójoojúmọ́ lè béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nínú ọkọ̀, egungun ìhà ló ń gbé abẹ́ ró. Tí wọ́n bá to àwọn ìhà yìí ní ìdábùú, bí ọkọ̀ bá ti ń gbá nǹkan, ṣíìtì àárín wọn á máa kó sínú, abẹ́ á wá rí jákujàku, omi á sì máa dá a dúró. Àwọn tó mọṣẹ́ máa ń to egungun ní òòró, láti iwájú lọ dé ìdí. Bí abẹ́ bá tilẹ̀ tẹ̀ díẹ̀, omi ń bá ojú ọ̀nà kan náà lọ ni.

(Àwòrán: ọwọ́ wẹ́dà kan, àkísà funfun, búrọ́ọ̀ṣì onírin.)

Ẹ̀yin wẹ́dà, ẹ súnmọ́ tòsí, ibí ni iṣẹ́ wà. Alumíníọ̀mù máa ń yọ́ ní nǹkan bíi 660 ìwọ̀n Celsius. Ṣùgbọ́n bí afẹ́fẹ́ bá ti kàn án báyìí, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan á bò ó, bí èyí tó máa ń dì lójú ògì gbígbóná. Awọ yẹn kì í yọ́ títí ooru yóò fi kọjá 2,000. Inú ti di omi, awọ ṣì le. Ẹni tó bá jó o láìha awọ yẹn kúrò, ojú rẹ̀ lè dán lókè, kí abẹ́ má mú ara wọn rárá.

Ẹ wo ọwọ́ ọ̀gá yìí. Ó fi àkísà mímọ́ àti acetone, omi tó ń fọ epo kúrò, nu ojú irin náà, àkísà ti dúdú, ó ju ìyẹn nù, ó mú òmíràn. Nígbà tí àkísà kejì jáde ní funfun ló tó mú búrọ́ọ̀ṣì. Ẹni tó bá kọ́kọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì ha á, epo tó wà lára irin ló ń rọ wọlé. Búrọ́ọ̀ṣì yẹn, irin tí kì í dípẹtà ni, kò sì gbọ́dọ̀ kan irin dúdú rí láyé rẹ̀, torí èérún irin dúdú tó bá kù lójú rẹ̀ á lọ dípẹtà lára ọkọ̀.

Wáyà alumíníọ̀mù tó ń yọ́ di ojú jíjó, nọ́ńbà 5356 ló ń lò. Ó rọ̀, ó máa ń lọ́ mọ́ra bí ó bá gba inú rọ́bà gígùn kọjá. Ìdí nìyẹn tí róòlù rẹ̀ fi wà lórí ìbọn wẹ́dà tó mú dání. Gáàsì argon lásán ló ń tú jáde, kì í ṣe CO2 tí a fi ń jó irin dúdú. Afẹ́fẹ́ títì tó bá fẹ́ gáàsì yẹn lọ ti ba iṣẹ́ jẹ́, nítorí náà ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ títì gbọ́dọ̀ ní ohun tó dí ojú afẹ́fẹ́. Nígbà òjò, ẹ má tọ́jú ṣíìtì síta: ọ̀rinrin ara rẹ̀ ló máa ń di ihò kéékèèké nínú ojú jíjó. Ẹ máa ti ìbọn síwájú, ẹ má fà á sẹ́yìn, kí gáàsì lè ṣáájú iná lọ. Ẹ sì fi ọkàn sí èyí: irin dúdú máa ń pọ́n kó tó yọ́, ó ń kìlọ̀ fún yín. Alumíníọ̀mù kì í pọ́n. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa funfun títí, á kàn ṣàdédé jábọ́ sílẹ̀ ni.

Ooru tún ń fẹ̀ ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti irin dúdú. Bí ẹ bá jó láti iwájú dé ìdí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọkọ̀ á wọ́. Díẹ̀ níhìn-ín, ẹ kọjá sódì kejì, díẹ̀ lọ́hùn-ún, ẹ jẹ́ kó tutù.

Ìdí ọkọ̀ ni ẹ́ńjìnnì rọ̀ sí, òun ló sì ń gba gbogbo agbára tí ẹ́ńjìnnì fi ń ti ọkọ̀. Ẹ fi irin ìgbéró so ó mọ́ àwọn egungun abẹ́. Àwọn ọdẹ máa ń fi àpótí alumíníọ̀mù òfìfo kan sí ọ̀tún, ọ̀kan sí òsì ibẹ̀, kí ìdí má baà rì nígbà tí wọ́n bá dúró.

Fún àwọn tó wà ní Ìlàjẹ, ọ̀rọ̀ iyọ̀ ṣe pàtàkì. Alumíníọ̀mù ọkọ̀ fúnra rẹ̀ kò bẹ̀rù omi iyọ̀. Bàbà ni ọ̀tá rẹ̀. Wáyà bàbà tó já, tàbí kọ́bọ̀ àtijọ́ oníbàbà tó bọ́ sílẹ̀ ọkọ̀, tí omi iyọ̀ sì bò ó, lè jẹ ọkọ̀ lu. Pákó tí wọ́n fi oògùn oníbàbà rẹ, ẹ má fi ṣe ilẹ̀ rẹ̀, ẹ má sì kun abẹ́ rẹ̀ ní ọ̀dà oníbàbà. Bóòtù irin náà, ẹ fi ọ̀rá tàbí rọ́bà là á níyà kúrò lára alumíníọ̀mù. Ẹ de síńkì mọ́ ìdí ọkọ̀, kí iyọ̀ máa jẹ ìyẹn dípò ọkọ̀, kí ẹ sì máa pààrọ̀ rẹ̀ bó bá ti jẹ dé ìdajì.

(Àwòrán: ọkọ̀ lórí àga, omi díẹ̀ nínú rẹ̀, ẹnì kan tẹ̀ba sábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì.)

Kí ẹ tó gbé e kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé e sórí àga gíga tó dúró dáadáa, kí wọ́n da omi sínú rẹ̀, kó bo gbogbo ojú jíjó ilẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó pọ̀ jù. Sẹ̀ǹtímítà 10 omi nínú ọkọ̀ tí a ṣírò lẹ́ẹ̀kan ti ju kílò 500 lọ. Ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn náà ẹ bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ fúnra yín, kí ẹ fi ọwọ́ gbá ojú jíjó láti iwájú dé ìdí. Ibi tó bá tutù lọ́wọ́, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì yí i ká. Kí wọ́n da omi nù, kí wọ́n fi gíráńdà gbẹ́ ibẹ̀ dé inú irin tó mọ́, kí wọ́n tún un jó, kí wọ́n sì tún omi dà. Ìgbà tí kò bá sí ṣọ́ọ̀kì kankan tuntun láti fà ni kí ẹ tó san owó tó kù.