Fáàfù kékeré ara híítà, ẹ má dí i o

Ẹ wo ibí yìí dáadáa. Fáàfù tó ní ọwọ́ péńpé yìí, tó wà lára híítà tó ń gbé omi gbóná, òun gan-an ni mo torí ẹ̀ ṣe fídíò yìí, torí mo ti rí ilé tí wọ́n ti fi púlọ́ọ̀gì dí i pa nítorí pé ó ń kán tó-tó-tó. Àyà mi já.

Omi tó bá ń gbóná máa ń wú, irin táńkì ò sì ní fẹ̀ fún un. Tí tẹ́mósítáàtì, ìyẹn ohun tó ń já iná tómi bá ti gbóná tó, bá bàjẹ́ tí iná ò já, omi á máa gbóná lọ, á máa ti táńkì, tó bá wá bẹ́ nígbà tí omi ti kọjá 100°C, lójú ẹsẹ̀ ni apá kan lára omi yẹn á di sítíìmù, ìyẹn èéfín omi gbígbóná, sítíìmù sì ń gba àyè tó ju ìlọ́po 1,600 ti omi lọ. Ó lè ṣí òrùlé! Fáàfù yìí ló máa ń tú u sílẹ̀ kó tó débẹ̀, tàwọn táńkì ńlá sábà máa ń ṣí tí agbára tómi fi ń ti táńkì bá dé 150 psi àbí tómi bá gbóná dé 99°C. Páìpù tó ti ẹnu ẹ̀ jáde gbọ́dọ̀ dorí kọlẹ̀, kó parí nítòsí ilẹ̀ níbi tẹ́ ẹ ti lè rí i, ẹ má fi táàpù tàbí fáàfù kankan sí i lẹ́nu.

Tó bá ń kán ṣáá ńkọ́? Ẹ wo páìpù omi tútù. Tí fáàfù tí kì í jẹ́ kómi padà sẹ́yìn bá wà níbẹ̀, omi tó wú ò ríbi lọ nìyẹn, táńkì kékeré tó ń gba omi tó bá wú lẹ máa fi kún un.

Páìpù omi gbígbóná, PPR tàbí CPVC (páìpù oníke tó ń gba omi gbígbóná) tàbí kọ́pà ni, PVC lásán máa rọ̀. Tó bá jẹ́ kọ́pà lẹ fẹ́ fi iná jó pọ̀, ẹ jó o lọ́ọ̀ọ́kán kẹ́ ẹ tó so ó mọ́ táńkì, torí ọ̀pá rọ́bà wà nínú táńkì tí iná lè yọ́.

Ẹ pa bírékà, ẹ fi tẹ́sítà wò ó, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan wáyà. Tẹ́ ẹ bá so híítà tán, omi ló kọ́kọ́ ń wọlé o, kì í ṣe iná: ẹ ṣí táàpù omi gbígbóná títí omi á fi máa dà geere láìtutọ́, torí ẹlimẹ́ǹtì (irin tó ń gbé omi gbóná) tí ò sí nínú omi, kíá ló ń jó.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ fi tíṣù gbígbẹ nu gbogbo ojú ìsopọ̀, tí tíṣù bá rin, ẹ pa iná kẹ́ ẹ tó tún un dì.