Amẹ́ríkà àti Japan: Ta Ló Ń Ṣọ́ Ta Gan-an?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú àbọ̀. Mi ò ní fi àkókò ṣòfò lórí bí Ogun Àgbáyé Kejì ṣe parí, gbogbo wa la mọ ẹni tó borí. Ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1951 ni mo fẹ́ ká ti bẹ̀rẹ̀, ní ìlú San Francisco. Ìwé méjì ni Japan tọwọ́ bọ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo yẹn. Àkọ́kọ́ ni ìwé àlàáfíà, tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè jọ fọwọ́ sí níta gbangba. Ìkejì, inú bárékè ológun ni wọ́n gbé e lọ: àdéhùn ààbò láàárín Japan àti Amẹ́ríkà. Yoshida Shigeru, tó jẹ́ olórí ìjọba Japan nígbà náà, òun nìkan ló fọwọ́ sí i fún Japan. Kò sí ẹlòmíì nínú àwọn tí wọ́n jọ wá tó fọwọ́ kàn án. Àgbà òṣèlú ni, ó mọ irú ẹrù tó ń gbé rù.

Kí ló burú nínú ìwé ọ̀hún? Ẹ gbọ́ ná. Ó gba Amẹ́ríkà láyè láti kó ọmọ ogun sí Japan. Ó tún gbà pé bí rògbòdìyàn bá ṣẹlẹ̀ láàárín ìlú, tí ìjọba Japan sì bẹ̀ wọ́n, ọmọ ogun Amẹ́ríkà lè bá wọn pa á. Àmọ́ kò sí ibì kankan nínú rẹ̀ tí Amẹ́ríkà ti ṣèlérí pé òun máa gbèjà Japan! Ilẹ̀ ti lọ, ìlérí ò dé.

Èyí ló mú kí Kishi Nobusuke, tó ti di olórí ìjọba Japan nígbà náà, lọ ṣe òmíràn ní Washington, ọjọ́ 19 oṣù Kìíní ọdún 1960. Ìlérí ìgbèjà wọlé, ọ̀rọ̀ rògbòdìyàn ìlú jáde. Ó dára ju ti àtijọ́ lọ, àbí? Àwọn ará Japan ò rí i bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé ogun Amẹ́ríkà ló máa fa àwọn lọ. Àwọn aṣòfin alátakò jókòó dí ọ̀nà nínú ilé ìgbìmọ̀, ọlọ́pàá gbé wọn síta, àwọn aṣòfin ẹgbẹ́ Kishi sì fòru bojú fọwọ́ sí i. Ìgboro gbóná. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹfà, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan, Kanba Michiko, kú níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti ọlọ́pàá ti kọlu ara wọn. Ààrẹ Eisenhower tó fẹ́ wá ṣe àbẹ̀wò ò lè wá mọ́. Àdéhùn náà múlẹ̀ lọ́jọ́ 23 oṣù yẹn, ọjọ́ yẹn gan-an ni Kishi kéde pé òun ń lọ sílé.

Ó dáa. Ibi tí gbogbo èèyàn ti ń ṣì í la dé yìí, ẹ fara balẹ̀ síbí.

Abala 5 nínú àdéhùn 1960 yìí ni gbogbo èèyàn máa ń kà, wọ́n á sì pa ìwé dé. Ohun tó sọ ni pé bí ẹnikẹ́ni bá fi ohun ìjà kọlu èyíkéyìí nínú àwọn méjèèjì lórí ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ìṣàkóso Japan, kálukú á dìde bí òfin ilẹ̀ rẹ̀ bá ṣe là á sílẹ̀. Ṣé ẹ rí ibi tó mọ? Ilẹ̀ tí Japan ń ṣàkóso. Bí wọ́n bá kọlu Hawaii lọ́la, abala 5 ò kan Japan. Ohun tí Donald Trump bínú sí lọ́dún 2019 nìyẹn, tó ní bí wọ́n bá kọlu Japan, Amẹ́ríkà á jà, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kọlu Amẹ́ríkà, àwọn ará Japan lè jókòó máa wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n Sony.

Ọ̀rọ̀ náà dùn-ún gbọ́. Ẹni tó ka ìdajì ìwé ló ń sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi àáró ṣàlàyé, ẹni tó bá ti ń wò mí tipẹ́ mọ̀ pé mo fẹ́ràn àáró ju àfiwé gbogbo lọ. Lóko, bí mo bá bá ọ kọ ebè lónìí, ìwọ náà á wá bá mi kọ ebè lọ́la. Ọkọ́ fún ọkọ́. Irú àjọṣe tí NATO, ẹgbẹ́ ààbò Amẹ́ríkà àti àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù, ń ṣe nìyẹn: bí wọ́n bá kọlu ọ̀kan, gbogbo wọn ni wọ́n kọlù. Àwọn èèyàn á wá mú òṣùwọ̀n àáró yìí, wọ́n á fi wọn ti Japan, wọ́n á ní Japan ń rẹ́ Amẹ́ríkà jẹ. Ṣùgbọ́n KÌ Í ṢE ÀÁRÓ! Wọn ò fi ọkọ́ san ọkọ́ níbí. Abala 6 ló sọ ohun tí Japan fi ń san tiẹ̀: ó yọ̀ǹda ilẹ̀ àti ibùdó fún ọmọ ogun Amẹ́ríkà, nítorí ààbò Japan ÀTI nítorí àlàáfíà gbogbo agbègbè Ìlà-Oòrùn Éṣíà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà wọ́n pọ̀. ABALA 5 ÀTI ABALA 6! Ẹni tó bá ka 5 láìka 6, kò tíì ka nǹkan kan.

Kí wá ni ilẹ̀ yẹn tó nǹkan? Ẹ wo Yokosuka, lẹ́bàá Tokyo. Ibẹ̀ ni olú ilé iṣẹ́ ọ̀wọ́ ọkọ̀ ogun keje ti Amẹ́ríkà wà. Láti ọdún 1973 ni ọkọ̀ ńlá tí ń gbé bàálù ogun ti fi ibẹ̀ ṣe ilé, kò sì sí èbúté míì lẹ́yìn odi Amẹ́ríkà tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ń gbé. Bí wàhálà bá bẹ́ sílẹ̀ ní Taiwan tàbí Kòríà, ọkọ̀ tó wà ní Yokosuka ti fẹ́rẹ̀ẹ́ débẹ̀ ná. Èyí tó máa ti California gbéra ní gbogbo òkun Pàsífíìkì láti là kọjá. Ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó wà ní Japan tó 54,000. Owó iná, owó oṣù àwọn ará Japan tó ń ṣiṣẹ́ ní ibùdó, owó ilé kíkọ́, ìjọba Japan ló ń gbé ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀: ó lé ní tírílíọ̀nù yen kan fún ọdún márùn-ún, láti 2022. Àlejò tí onílé tún ń bá sanwó iná rèé o!

Kí Japan má baà dà bí ẹni tó ń ṣe é lófò, òun náà ń jèrè, èrè ńlá. Abala 9 ìwé òfin ilẹ̀ rẹ̀ ti kọ ogun sílẹ̀ láti 1947. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi jẹ́ pé owó tó ń ná lórí ààbò ò ju bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ọrọ̀ ajé rẹ̀, owó yòókù ń lọ sí iléeṣẹ́. Kò ṣe bọ́ǹbù átọ́míìkì tirẹ̀, ti Amẹ́ríkà ló fi ṣe ìbòòji. Àwọn erékùṣù Senkaku tí Ṣáínà ní tòun ni náà ńkọ́? Ní 2014, Obama dé Tokyo, ó sọ ọ́ gbangba pé abala 5 kàn wọ́n, nítorí pé Japan ló ń ṣàkóso wọn. Amẹ́ríkà ò sọ ẹni tó ni wọ́n o! Ìṣàkóso ló wò. Ìdí nìyẹn tí àwọn erékùṣù àríwá tó wà lọ́wọ́ Rọ́ṣíà kò fi sí lábẹ́ abala yìí, bí Japan tilẹ̀ ń pariwo pé tòun ni.

Ẹ tún rántí 2011, nígbà tí ilẹ̀ mì tìtì, tí òkun sì ya bo etíkun àríwá ìlà-oòrùn. Ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó ti wà nílẹ̀ ló bá wọn gbé oúnjẹ àti omi lọ.

Okinawa, erékùṣù tó wà ní gúúsù Japan, wá ńkọ́? Ibí ni inú ti máa ń bí mi sí àwọn tó ń yin àjọṣe yìí bí ẹni pé kò ní ọgbẹ́. Okinawa ò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ Japan. Bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ tí Amẹ́ríkà nìkan ń lò fún ológun ní Japan, ibẹ̀ ló wà. Ọdún 1972 ni Amẹ́ríkà tó dá erékùṣù náà padà, ibùdó ò sì kúrò. Ní 1995, ọmọ ogun Amẹ́ríkà mẹ́ta fipá bá ọmọdébìnrin ọmọ ọdún 12 lò pọ̀, gbogbo erékùṣù tú jáde. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìjọba méjèèjì ní àwọn á kó ibùdó Futenma kúrò láàárín ilé àwọn èèyàn. Ibo ni wọ́n ń gbé e lọ? Henoko, Okinawa náà ni! Ní 2019, ó lé ní ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó dìbò ní Okinawa tó ní àwọn ò fẹ́. Wọ́n ṣì ń da iyẹ̀pẹ̀ sókun níbẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣírò àǹfààní àdéhùn yìí tí kò ka Okinawa mọ́ ọn, ìṣirò rẹ̀ ò pé.

Ẹ jẹ́ ká yára, abala 10 ló kù. Láti 1970, ẹnikẹ́ni nínú wọn ló lè kọ̀wé sí èkejì pé òun ò ṣe mọ́; tó bá pé ọdún kan lẹ́yìn ìwé yẹn, ó parí. Kò sí èyí tó tíì kọ ọ́. Kódà, Japan ń sún mọ́ ohun tí Trump ń béèrè: òfin ọdún 2015 gbà á láyè láti ran Amẹ́ríkà lọ́wọ́ lójú ogun bí ọ̀rọ̀ náà bá lè ba ìwàláàyè Japan fúnra rẹ̀ jẹ́, ní 2022 ó sì pinnu láti gbé ìnáwó ààbò dé ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún. Owó ni wọ́n á tún máa fà mọ́ra wọn lọ́wọ́, torí àdéhùn owó ibùdó tó wà nílẹ̀ yìí, oṣù Kẹta ọdún 2027 ló máa tán. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ iye tí Amẹ́ríkà ń béèrè, ẹ ṣírò owó ilẹ̀ Yokosuka àti ti Okinawa mọ́ ọn kẹ́ ẹ tó sọ ẹni tó jẹ gbèsè.